Ilé Máa Ń Tẹ̀lé Ọmọ Wá Síléèwé

Lọ́dọọdún, bí ìdánwò bá ti parí, àwọn ọmọbìnrin kan máa ń wá bá mi níwájú ilé mi ní Tchaourou, nílẹ̀ Benin. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lórí zémìjàn, alùpùpù tó ń kérò, wọ́n á kúnlẹ̀ kí mi, wọ́n á sì máa wo ara wọn títí ọ̀kan nínú wọn á fi ní, "Tata Safú, a fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ ṣe. Ṣé iṣẹ́ tó dáa ni?" N kì í tètè dáhùn. Bí mo bá ní ó dáa, mo ti tan ọmọ ọlọ́mọ. Bí mo bá ní kò dáa, ta ni yóò wá ṣe é? Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ wọ̀ ọ́ pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì.

Ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni mo ti ṣiṣẹ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní maternelle, níbi tí ọmọ máa ń wà kó tó dàgbà tó ilé-ìwé ńlá. Àwọn aláwàdà àdúgbò ń pè wá ní anukun-ọmọ, nítorí pé ikun imú ni wọ́n ń rí tí à ń nù láràárọ̀. Wọn ò parọ́. Mo ti nu ikun imú ọmọ tó di dókítà, mo sì ti nu ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n ní Parakou lónìí. Ikun àwọn méjèèjì kò yàtọ̀ síra. Ilé tí wọ́n ti ń bọ̀ ló yàtọ̀.

Ìyá ìyá mi ló tọ́ èmi fúnra mi, ní abúlé kan lẹ́yìn Goro. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rákò. Bí màmá àgbà bá ń lọ sóko iṣu, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Bó bá jókòó tó ń yọ hóró kajú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà, kò sì sí ìgbà tí kì í bá mi sọ̀rọ̀. "Safú, wo èèrà yìí, ẹrù rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ." "Safú, kí lo rò pé ewúrẹ́ yẹn ń wí?" Lẹ́yìn náà yóò dákẹ́, yóò dúró kí n fèsì, èmi tí mi ò tíì lè sọ ju ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Aṣọ kan ṣoṣo ni mo ní. Síbẹ̀ n kò mọ̀ pé òtòṣì ni wá, nítorí pé ẹnìkan wà láyé tó ń dúró gbọ́ èsì mi. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ohun tí mo fi ṣiṣẹ́ jálẹ̀ ọjọ́ ayé mi, ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo ti kó o.

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ kò gùn. Mo kàwé dé ibi tí agbára bàbá mi mọ. Wọ́n ṣí maternelle ní àdúgbò wa, wọ́n ń wá ẹni tó gbọ́ Nàgó, Yorùbá tiwa, tó sì gbọ́ Bààtọ́nù, èdè àwọn Bàrìbá, díẹ̀, wọ́n bá mú mi. Ní ti owó oṣù, ẹ má ṣe bi mí. Ó máa ń dé. Nígbà mìíràn kì í dé.

Ẹni tí mo kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni Tata Filomẹ́nì, olórí ilé-ìwé náà; Tata ni wọ́n ń pe gbogbo àwa obìnrin tó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ó ga, ó gbẹ, kì í sì í rẹ́rìn-ín láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti ń retí pé yóò fún mi ní ìwé tàbí ẹfun ìkọ̀wé. Ẹnu géètì ló ní kí n lọ dúró sí.

Mo ní, "Kí n máa ṣe kí ni níbẹ̀, Tata?"

Ó ní, "Kó o máa wo ọwọ́."

Ọwọ́ ta ni? Kò sọ. Ẹnu géètì yẹn ni mo wà fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀, tí mò ń wo ọwọ́ àwọn ìyá àti ọwọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń tú kúrò nínú ara wọn. Bí ọ̀sán bá pọ́n tí àwọn ọmọ ti lọ, Tata Filomẹ́nì á pè mí jókòó, á ní kí n ròyìn. Mo sọ fún un nígbà kan pé ọmọ kan wà tó ń sunkún láràárọ̀, tó ń di aṣọ ìyá rẹ̀ mú, pé àánú rẹ̀ ń ṣe mí.

Ó ní, "Má fi àánú rẹ ṣòfò síbẹ̀. Ọmọ yẹn ní nǹkan tó ń fi sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń sunkún. Èyí tó wọlé tí kò bojú wẹ̀yìn, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ ló gbé e wá, òun ni kó o ṣọ́."

Ó le. Kò sí irọ́ níbẹ̀, obìnrin náà le. Lọ́jọ́ kan mo dúró lókèèrè, mo na ìka sí ọmọ kan, mo ní, "Ìwọ, wá síbí!" Tata Filomẹ́nì ò bá mi wí. Ó ní kí n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, èyí tó jẹ́ pé bí àgbàlagbà bá jókòó sí i, orúnkún rẹ̀ á kan àgbọ̀n rẹ̀. Òun dúró lé mi lórí, ó ń fi ohùn gíga bá mi sọ̀rọ̀, gbogbo nǹkan tó fẹ́ kí n ṣe lọ́jọ́ náà, ìka rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ níwájú imú mi. Nígbà tó parí, ó ní, "Báwo ló ṣe rí lára rẹ?"

Mo ní, "Ó dun ọrùn mi, Tata."

"Ọrùn nìkan?"

Omi ti lé sí mi lójú. Láti ọjọ́ yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò bá ọmọ kankan sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ lóṣòó. Àwọn Ìmàle bọ̀, wọ́n ní láti kékeré ni Ìmàle ti ń kọ́ ọmọ rẹ̀ lóṣòó. Èmi tí mo jẹ́ Ìmàle, ọwọ́ ọmọ Kátólíìkì ni mo ti wá kọ́ òṣòó tèmi.

Òfin rẹ̀ kejì ni pé a kò gbọ́dọ̀ bi ọmọ léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Ó ní, "Kò tíì mọ orúkọ tó máa pè é. Jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn, kó o gbọ́ eré rẹ̀." A ní àyè iyanrìn kan lábẹ́ igi. Agolo sàdíìnì ni ilé, ṣúkù àgbàdo tí a fi àkísà wé ni èèyàn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa láìtẹ ẹnu ọ̀nà wọn. Ọmọ oníṣòwò á tẹ́ àtẹ, á máa ná ọjà. Ọmọ kan wà tí bàbá rẹ̀ ti lọ sí Nàìjíríà; ojoojúmọ́ ló ń fi ẹ̀rún igi sétí bí fóònù, tó ń sọ pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá. Ṣé ẹ máa dé kí iléyá tó dé?" Á sinmi díẹ̀, á ní, "Ó dáa," á sì sin ẹ̀rún igi náà sínú iyanrìn. Ọdún iléyá tó ń wí dé, ó sì kọjá, eré yẹn náà ló ń ṣe. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Èmi á fi kún un pé ibi eré ọmọ ni mo ti ń wo ilé.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Kúbúrà.

Ọmọbìnrin gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí à ń pè ní Tonton Ràímì, bí ẹni ń pe Bùrọ̀dá, ni Kúbúrà. Bí ẹ bá bèèrè ọkùnrin dáadáa ní àdúgbò wa nígbà náà, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ dárúkọ. Òun ló kan gbogbo bẹ́ǹṣì maternelle wa lọ́fẹ̀ẹ́, tó fọwọ́ ara rẹ̀ fá etí wọn títí wọ́n fi ń dán, kí ẹ̀rún má bàa gún ọmọ. Bó bá ń kọjá, á kí àgbà, á kí ọmọdé. Ṣùgbọ́n nílé rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, èèyàn mìíràn ló máa ń dé. Ó máa ń lu ìyàwó rẹ̀, Síkírá. A ò mọ̀. Tàbí kí n sọ pé àwọn tó múlé tì í mọ̀, wọ́n kàn ń pè é ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya.

Kúbúrà kì í bojú wẹ̀yìn lẹ́nu géètì. Kì í jà, kì í sunkún, ohun tí a bá fún un ló ń jẹ. Olùkọ́ tí kò bá gbọ́n á máa yìn ín pé ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sẹ́bàá iyanrìn, Tata Filomẹ́nì dúró lẹ́yìn mi. Kúbúrà mú ṣúkù àgbàdo kékeré kan, ó fi ewé bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn agolo, ó wá tẹ ẹnu mọ́ ọn, ó ní, "Ó ti dé. Dákẹ́. Má mí."

Tata Filomẹ́nì ní, "O gbọ́?"

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ọjọ́ yẹn gan-an, lẹ́yìn iṣẹ́, a lọ sílé wọn. Tonton Ràímì fi ọ̀yàyà gbà wá, ó gbé àga, ó bu omi wá fúnra rẹ̀. Ìyá Ràímì, ìyá àgbà Kúbúrà, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Síkírá kí wa láti ọ̀ọ́kán, kò súnmọ́ wa.

Tonton Ràímì ní, "Ṣé ọmọ yìí ṣe nǹkan tí kò dáa ni?"

Tata Filomẹ́nì ní, "Kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ló gbé wa wá. Ọmọ tó wà ní irú ọjọ́ orí rẹ̀ yẹ kó máa ṣe nǹkan tí kò dáa. Tonton, ọmọ rẹ ń bẹ̀rù ariwo. Bí ẹnìkan bá ti gbóhùn sókè, ó ń wá ibi tó máa sá sí."

Ó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín burúkú, ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n yìn. "Ẹ̀rù dáa fún ọmọ, Tata. Èmi náà bẹ̀rù bàbá mi. Ẹ̀rù yẹn ló sọ mí di èèyàn tí ẹ ń wò yìí."

Ìyá àgbà kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀wà. Ó ní, "Inú àká ni Ràímì yìí máa ń sá sí nígbà tó wà lọ́mọdé. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ń lù mí, inú àká àgbàdo ni yóò wọ̀. A ó pè é títí, kò ní jáde àfi bí ebi bá lé e."

"Màmá, ẹ dákẹ́."

Ọwọ́ ìyá àgbà ń ṣa ẹ̀wà lọ. Mo wo ojú Tonton Ràímì, mo rí i pé fún ìgbà díẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa. N kò mọ ibi tó lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tó dùn.

Tata Filomẹ́nì kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá àwọn àgbà àdúgbò, ó bá ẹbí Síkírá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni kó gbájú mọ́. Ohun tó ń ba ọkàn èèyàn jẹ́ jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi: bí ọ̀sán bá pọ́n, ẹ máa fọwọ́ ara yín dá ọmọ padà síbi tí ẹ ti mọ̀ pé ó ń jóná.

Ọdún yẹn, òjò pẹ́. Kajú ti tán lóko, ilẹ̀ gbóná débi pé àwọn ọmọ ò lè bọ́ bàtà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kó tó di àkókò tí wọ́n ń mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná, ojú ọ̀run ṣú láti apá ìlà oòrùn, atẹ́gùn sì dé kí òjò tó dé. Ilé wa kì í ṣe bíríkì nígbà náà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, páànù ni orí rẹ̀, yàrá kékeré kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a ń kó ẹní sí. Páànù bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ariwo náà ju ohun tí mo lè ṣàpèjúwe lọ. Tata Filomẹ́nì wo òkè lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ kó wọn jáde."

Ilé-ìwé ńlá tí wọ́n fi símẹ́ǹtì kọ́ kò jìnnà sí tiwa. A ní kí àwọn ọmọ di aṣọ ara wọn mú, a sáré gba inú iyanrìn tó ń ta síni lójú, èmi gbé méjì, Tata Filomẹ́nì gbé méjì. Ìdajì ọ̀nà ni a wà tí páànù fi ká kúrò lórí ilé wa, tó fò lọ bí ewé. Nígbà tí a dé abẹ́ orùlé símẹ́ǹtì, a ka àwọn ọmọ. Kúbúrà kò sí níbẹ̀.

A sáré padà. Òjò ti dé, ó ń na ògiri amọ̀ tí kò ní orí mọ́. A ń pè é. "Kúbúrà! Kúbúrà o!" Mo pè é títí ohùn mi fi lọ. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ zémìjàn tó wà lójú títì gbọ́ wa, wọ́n bá wa pè, ohùn ọkùnrin, ohùn ńlá ńlá. A wo inú kíláàsì, kò sí. A wo ẹ̀yìn igi, kò sí. A dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ẹní gan-an, a pè é, a fetí sílẹ̀, a ò gbọ́ nǹkan kan, a sì yà lọ síbòmíràn. Kò pẹ́ sígbà náà ni ògiri yàrá ẹní wó sínú.

Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti hú u jáde. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ zémìjàn ló fi ọwọ́ lásán hú u. Ẹ̀yìn àwọn ẹní tí a ká ló sá sí, àwọn ẹní náà ló sì gba orí rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ògiri ti lọ ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì láti orúnkún sísàlẹ̀. Ó wà láàyè. Ojú rẹ̀ là. Kò sunkún. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ló fi bo ẹnu ara rẹ̀, a sì ní láti rọra ṣí wọn kúrò.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Parakou. Èmi ni mo gbé e sórí itan nínú ọkọ̀. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ dé, ẹ̀rún igi ṣì wà nínú irun Tonton Ràímì. Ó dúró níwájú wa.

Ó ní, "Ẹ ò pè é ni?"

Tata Filomẹ́nì ní, "A pè é."

"Ṣé kò gbọ́ ni?"

Síkírá ló dáhùn. Láti ìgbà tí mo ti mọ obìnrin náà, n kò gbọ́ kó sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ rí. Kò gbóhùn sókè. Ó ní, "Ó gbọ́. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo ní bí ariwo bá ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ sẹ́yìn ẹní, kó fọwọ́ bo ẹnu, bí ẹnikẹ́ni bá pè é kó má dáhùn. Mi ò fẹ́ kó o rí i. Ọmọ náà ṣe ohun tí mo kọ́ ọ."

Tonton Ràímì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn nọ́ọ̀sì ní kó dìde, kò dìde. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ti ọjọ́ yẹn fọ́ mọ́ gbogbo wa lára.

Ẹ máa rò pé ibẹ̀ ni ìtàn dára. Lóòótọ́, ọkùnrin náà kò tún lu ẹnikẹ́ni mọ́. Mo lè fi ẹnu mi jẹ́rìí sí i. Ọ̀rọ̀ lásán pàápàá, kì í fi ariwo sọ ọ́ mọ́. Ó kan ọ̀pá ìtilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, bó bá ti ń ga ni ó ń kan òmíràn, ó sì ń fá orí wọn kó má bàa gún un lábíyá. Ṣùgbọ́n ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Síkírá dúró títí ọmọ fi lè rìn, ó wá kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Ó fẹ́ mú Kúbúrà lọ. Ẹbí ọkọ kọ̀. Kúbúrà kù sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, kò sì bá a sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó ya odi. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ó ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ó ń bá ewúrẹ́ sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kì í dá lóhùn. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Wọ́n tún ilé-ìwé wa kọ́, pẹ̀lú bíríkì. Tata Filomẹ́nì kò padà bọ̀ sípò bó ṣe wà. Ó ṣì le, àmọ́ ó wá ní àṣà tuntun kan: bó bá fẹ́ pe ọmọ, kì í pè é mọ́, ó máa ń rìn lọ bá a, bó ti wù kó jìnnà tó. Èmi náà mú àṣà yẹn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó padà sí Ṣábẹ̀, ibẹ̀ ló kú sí, mo sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ sọ fún mi pé lẹ́yìn tí àìsàn wọ̀ ọ́ lára, bí òjò bá ti ń kù, á ní kí wọ́n ka gbogbo ẹni tó wà nínú ilé.

Iṣẹ́ náà yí padà lójú mi. Àwọn kan kó ọmọláńgidi rọ́bà wá fún wa láti òkè òkun, pẹ̀lú ilé rọ́bà tó ní fèrèsé. Inú wa dùn. Nígbà tó yá, mo rí i pé àwọn ọmọ kì í fi wọ́n ṣeré ilé wọn. Wọ́n kàn ń tò wọ́n. Ọmọláńgidi tó ní ojú búlúù kò jọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n mọ̀. Mo wá ń ṣa ṣúkù àgbàdo padà ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni fóònù dé. Mo rí ọmọ kan tí mo fún ní ìwé alàwòrán, tó ń fi ìka fa àwòrán erin, tó ń fà á, tó ń fà á, nígbà tí erin náà kò gbéra, ó jù ú nù. Ìyá rẹ̀ máa ń gbé e fún fóònù tọ́jú láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tó bá padà dé láti ọjà Tchatchou. Nígbà tí ọmọ náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó mọ orin ní èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ní Tchaourou, ṣùgbọ́n bí o bá bi í ní ọ̀rọ̀, kì í wo ẹnu rẹ. Kò mọ̀ pé èsì rẹ̀ ni ò ń dúró de. Kò sẹ́ni tó lù ú o. Wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wọṣọ fún un. Àmọ́ mo rò ó títí, n kò mọ èyí tó burú jù nínú ilé tí wọ́n ti ń pariwo àti ilé tí ẹnikẹ́ni kì í ti báni sọ̀rọ̀.

Kúbúrà dàgbà. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó mọ̀ ọ́n rán, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ. Ó lọ́kọ sí Tchatchou. Ọkọ náà kì í ṣe èèyàn burúkú, kò na ọwọ́ sí i rí. Ohùn rẹ̀ ló kàn tóbi, ohùn àwọn tó ń kérò sọ́kọ̀. Bó bá ti wọlé tó ń kí ará ilé, Kúbúrà á gbọ̀n, oúnjẹ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ gbìyànjú, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bí ọkùnrin mọ́ ohùn ńlá, kí lo fẹ́ kó ṣe sí i? Kúbúrà padà wálé. Ó sọ fún mi pé, "Tata, kò ṣẹ̀ mí. Ara mi ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu."

Kò pẹ́ sí ìgbà tí èmi fẹ̀yìn tì ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Tonton Ràímì. Àwọn ọmọ tí ìyàwó tó fẹ́ lẹ́yìn Síkírá bí fún un ti wà ní Cotonou àti Nàìjíríà. Kúbúrà ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo lọ kí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, láìpẹ́ yìí. Kúbúrà wà lágbàálá nídìí ẹ̀rọ, a kí ara wa, mo wọlé tọ bàbá rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ ti joro. Yàrá náà mọ́, aṣọ rẹ̀ mọ́, wọ́n ti gé èékánná rẹ̀. Kò sí ọmọ tó lè tọ́jú bàbá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Òùngbẹ gbẹ ẹ́. Ó ní, "Kúbúrà." Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan, ohùn náà kò ju ohùn ọmọ lọ. Ẹ̀rọ dákẹ́ níta. Kúbúrà tiro wọlé, ó gbé orí rẹ̀ sókè, ó fún un lómi, ó nu àgbọ̀n rẹ̀, ó tún ìrọ̀rí ṣe, ó jáde. Kò sọ gbólóhùn kan. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ níta.

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀kùn pẹ́. Ó ní, "Tata, ṣé ó máa ń bá yín sọ̀rọ̀?"

Mo ní, "Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀."

"Mo ń gbọ́ òun àti àwọn oníbàárà níta. Etí mi kò mú un mọ́. Ohùn ló ń dé ọ̀dọ̀ mi, ọ̀rọ̀ kì í dé. Kí ló máa ń sọ?"

N kò retí ìbéèrè yẹn. Mo wá a lọ́kàn mi, àwọn nǹkan kéékèèké tí èèyàn ń sọ tí kì í pa mọ́. Mo ní, "Lọ́jọ́ kan báyìí, ó ní máńgòrò ọdún yìí kéré, ṣùgbọ́n ó dùn."

Ó mi orí. Ó ń dúró.

Mo ní, "Ó ní obìnrin kan gbé aṣọ tí kò tó ṣẹ́ẹ̀tì wá, pé kí òun fi rán bùbá àti ìró fún un."

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ rẹ́rìn-ín. Omi ń ṣàn láti ojú rẹ̀ kan, n kò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí àìsàn. Ó di etí ìborùn mi mú pẹ̀lú ọwọ́ tó ṣẹ́kù fún un.

Ó ní, "Ẹ sọ òmíràn."